Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí tẹlifíṣọ̀n oní-íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún màmá mi ní Sùúrùlérè, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó wù mí ní Alábà ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní ACR. Tẹlifíṣọ̀n á máa mú díẹ̀díẹ̀ lára àwòrán tó wà lójú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹ ń wò, kódà bó jẹ́ díkódà tàbí DVD lẹ fi ń wò ó. Ní 2017, Vizio, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún ọlọ́jà, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá, ta ló ráyè yín?”

Màmá kò ní ka àdéhùn gígùn yẹn, wọ́n á kàn tẹ̀ pé àwọn gbà ni. (Ta ló tiẹ̀ ń kà á?) A ní òfin ààbò dátà láti 2023, àjọ ìjọba FCCPC náà wà láti dáàbò bo oníbàárà. Ṣé kò yẹ kí wọ́n pàṣẹ pé kí ACR wà ní pípa láti ilé iṣẹ́, kí ẹni tó bá wù tàn án fúnra rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pa á rí, ibo lẹ ti rí i? Àbí kí n má so tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ Wi-Fi rárá? Ìwàásù orí YouTube ni màmá fẹ́ràn jù o. Sátidé ni mo fẹ́ lọ sanwó.