Báwo ni mo ṣe lè máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà US-50 ní Nevada nígbà tí fóònù bá dákẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Jíjìn kọ̀wé:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nọ́ọ̀sì ni mí. Sacramento ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé, ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti gba iṣẹ́ àdéhùn kan ní ìlú Ely, ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Nevada. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń lò níbẹ̀ kí n tó padà sílé, ojú ọ̀nà US-50 ni mo sì ń gbà, èmi nìkan nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí rí yóò mọ̀ pé ìwé ìròyìn Life kò ṣe àsọdùn nígbà tó pè é ní ọ̀nà tó dá jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986. Láti Fallon dé Austin tó nǹkan bí 110 máìlì, láti Austin dé Eureka jẹ́ 70, láti Eureka dé Ely sì tó nǹkan bí 77. Láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí, òkè àti àfonífojì ló ń tẹ̀ lé ara wọn, fóònù mi kì í sì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì.

Ní oṣù tó kọjá, táyà ẹ̀yìn mi kan bẹ́ láàárín Austin àti Eureka lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀. Mo ní táyà àfirọ́pò, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kan kọ̀ jálẹ̀, kò tú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi jókòó nínú òtútù kí tọkọtaya àgbàlagbà kan tó kọjá, tí wọ́n sì ràn mí lọ́wọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn ni ọkọ mi ń pè mí tí ìpè náà kò wọlé. Nígbà tí mo dé Eureka tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, mo rí i pé ìyá mi pàápàá ti pè láti Abẹ́òkúta, nítorí pé ọkọ mi ti sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàdúrà. Èyí ló dùn mí ju òtútù náà lọ, pé àwọn ènìyàn mi ń jẹ̀rora nígbà tí mo wà láàyè tí ara mi sì le, tí n kò sì ní ọ̀nà kankan láti sọ ọ́ fún wọn.

Mo fẹ́ ra rédíò tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ tó sì fi ń gba èsì. Mo rí wọ́kí-tọ́kí méjì nínú páálí kan ní ilé ìtajà, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè dé 35 máìlì. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni kí n rà, ǹjẹ́ ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rédíò.

Baba Onítírélà kọ̀wé:

Ọmọ mi, o kú ewu. Ọlọ́run tó yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń wa tírélà láti Houston lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, jẹ́ kí n sì kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ páálí yẹn. Orí òkè kan sí orí òkè kejì ni 35 máìlì tí wọ́n ń wí, níbi tí ohunkóhun kò ti dí wọn lójú. Agbára rédíò kékeré yẹn kò gbọdọ̀ ju wáàtì méjì lọ, òfin kò sì gbà kí ènìyàn yọ áńtẹ́nà rẹ̀ kó fi èyí tó gùn rọ́pò. Láti inú ọkọ̀ kan sí inú ọkọ̀ mìíràn, bí o bá rí máìlì kan sí méjì, dúpẹ́.

Èyí tí àwa awakọ̀ ń lò ni rédíò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní CB, kò sì gba ìwé àṣẹ tàbí ìdánwò. Ìkànnì 40 ló ní, ní agbègbè 27 MHz, agbára rẹ̀ lórí AM kò sì ju wáàtì mẹ́rin lọ lábẹ́ òfin. Ìkànnì 9 ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìpè pàjáwìrì, ṣùgbọ́n nínú ìrírí tèmi, àwọn tó ń tẹ́tí sí i ti dín kù gan-an. Bí o bá ké lórí 9 tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, má ṣe jókòó síbẹ̀, bọ́ sí 19, níbi tí àwọn onítírélà wà, kí o dárúkọ ọ̀nà tí o wà, nọ́mbà máìlì tó wà lára òpó ẹ̀gbẹ́ títì, àti ìlú tí o kọjú sí. Ẹni tó ń ké pé “ẹ gbà mí” láìsọ ibi tó wà kò tíì sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kan tí yìnyín dí ọ̀nà I-80 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Winnemucca, orí ìkànnì 19 ni mo ti gbọ́ pé ọkọ̀ ti kọlu ara wọn níwájú, kí n tó rí iná ọlọ́pàá kankan, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n lè rọra dúró.

Áńtẹ́nà ni kí o náwó lé lórí ju rédíò fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tó bá ìgbì CB mu dáadáa gùn ju mítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Àwọn kúkúrú tí wọ́n fi wáyà wíwé sí inú wọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi mítà SWR, èyí tó ń wọn agbára tí áńtẹ́nà ń dá padà, yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó fi sọ̀rọ̀ rárá, nítorí pé agbára tí áńtẹ́nà bá kọ̀, inú rédíò ló ń padà sí, ó sì lè bà á jẹ́.

Ará Reno kọ̀wé:

Mo bọ̀wọ̀ fún Baba tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, mo sì fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n wí nípa áńtẹ́nà. Ṣùgbọ́n I-80 ni àwọn tírélà pọ̀ sí, ìyẹn ọ̀nà tó gba Winnemucca àti Elko kọjá, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí US-50. CB wúlò níbi tí ẹnìkejì wà nítòsí láti gbọ́. Láàárín Austin àti Eureka lálẹ́, ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì 19 fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni má dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn òkè Nevada tò láti àríwá sí gúúsù bí ebè tí àgbẹ̀ kọ, ọ̀nà US-50 sì dábùú wọn, ó ń gun ebè kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí poro, ó tún ń gun òmíràn. Rédíò ọkọ̀ tí kì í ṣe CB, yálà ti GMRS, ìyẹn rédíò tí ìdílé lè jọ lò, tàbí ti àwọn tó ń fi rédíò ṣe ìgbafẹ́, tí wọ́n ń pè ní ham, ń fẹ́ kí áńtẹ́nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ara wọn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, áńtẹ́nà méjì tí wọ́n ga ní mítà méjì-méjì kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn dáadáa kọjá kìlómítà 11 tàbí 12. Inú poro ni ohùn ti ń kú. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège tó sì tún lè rìn díẹ̀, ẹ gbìyànjú kí ó gbé yín dé orí òkè tó kàn kí ẹ tó dúró.

Ohun tó ń borí àwọn òkè náà ni ripítà. Ẹ̀rọ kan ni, tí wọ́n gbé sí ibi gíga, tó ń gbọ́ ohùn yín lórí ìgbì kan tó sì ń tún un sọ lórí ìgbì mìíràn, kí àwọn tó wà ní ẹ̀yìn òkè lè gbọ́. Fún ìyẹn, mo dábàá ìwé àṣẹ ham tí wọ́n ń pè ní Technician. Ìbéèrè 35 ni ìdánwò rẹ̀, ẹni tó bá gba 26 ti yege, gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn ni wọ́n sì ti tẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni láti kà ṣáájú. Owó FCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò, jẹ́ 35 dọ́là, ọdún mẹ́wàá ni ìwé àṣẹ náà yóò fi wúlò. Wọn kò béèrè bóyá ènìyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdánwò Morse (àmì títẹ̀ tó dúró fún lẹ́tà) tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù sì ti kúrò pátápátá láti ọdún 2007. GMRS kò gba ìdánwò rárá, 35 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá ló jẹ́ náà, ìwé àṣẹ kan sì kárí ọkọ, àwọn ọmọ àti òbí, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yín yìí, ham ni mo fọkàn tán jù.

Ẹ ra rédíò ọkọ̀ tó ní 50 wáàtì, kì í ṣe ti ọwọ́ tó ní márùn-ún. Ẹ gbé áńtẹ́nà tó gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 49 sí àárín òrùlé ọkọ̀, kí ẹ sì fa iná rẹ̀ láti orí bátìrì gan-an pẹ̀lú fúùsì, nítorí pé ihò tí a ti ń fi iná sí fóònù kò lè gbé e. Bí kò bá sí ripítà nítòsí, 146.52 MHz ni ibi tí àwọn oníham ti ń pe ara wọn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn kan lára wa a máa tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní aago méje àárọ̀, mẹ́wàá, ọ̀kan ọ̀sán, mẹ́rin, àti méje alẹ́. Kò sí òfin tó fi dandan mú wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ké, ẹ ké ní àwọn àkókò wọ̀nyẹn.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ yékéyéké. Rédíò yìí kò ní gbé ohùn yín dé ọ̀dọ̀ ọkọ yín ní Sacramento. Àwọn tó wà nítòsí yín ni yóò mú gbọ́. Ohun tí yóò fi ọkọ yín lọ́kàn balẹ̀ ni àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀, pé aago báyìí ni ẹ ó kúrò ní Fallon, aago báyìí ni ẹ ó pè láti Austin, láti Eureka, àti láti Ely, àti pé bí ẹ bá pẹ́ ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ, kí ó gbé ìgbésẹ̀. Kí ó má ṣe gbára lé 911, nítorí pé bí ó bá pè é láti Sacramento, àwọn ti Sacramento ni yóò dá a lóhùn. Nọ́mbà ọ́fíìsì ṣẹ́rífù ni kí ó ní lọ́wọ́, ti Churchill County fún agbègbè Fallon, ti Lander fún Austin, ti Eureka County, àti ti White Pine fún Ely. Bí mo bá ní kí n yan ọ̀kan nínú rédíò àti ìwé yẹn, ìwé yẹn ni n ó mú.

Ìyá Ìbejì Utah kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n Reno ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò wa yìí dúró de ìdánwò kó tó ní ààbò. Bí fóònù rẹ bá jẹ́ iPhone 14 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ó lè fi ìpè pàjáwìrì ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì níbi tí ojú ọ̀run bá ti hàn, láti ìparí ọdún 2022 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Gbìyànjú àfihàn tó wà nínú rẹ̀ nílé, kó má baà jẹ́ pé inú òkùnkùn ni o ti máa kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Èmi ní PLB, ẹ̀rọ kékeré tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, nínú àpò ọkọ̀ mi. Ìgbì 406 MHz ló fi ń ké sí sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ti àwọn olùgbàlà, kò sí owó oṣooṣù, ọ̀dọ̀ NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan, ni mo ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bátìrì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè ké fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n igbe “ẹ gbà mí” nìkan ló mọ̀, kò lè sọ fún ọkọ rẹ pé táyà ló bẹ́. Fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ bíi Garmin inReach, tó ń gba orí sátẹ́láìtì Iridium fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tó sì ń gba èsì, ló yẹ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba owó oṣooṣù. Ohun tó dé bá ọ lóṣù tó kọjá yẹn, gbólóhùn kan péré ló nílò.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Jíjìn kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ nípa ṣẹ́rífù yẹn, nítorí pé 911 gan-an ni ọkọ mi pè lóru ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n sì ti ń wá ẹni tí wọn yóò so ó pọ̀ mọ́ ni mo ti pè é. Ẹ dákun, bí mo bá ra rédíò ham kí n tó ṣe ìdánwò, tí ewu sì dé, ṣé òfin yóò mú mi bí mo bá fi sọ̀rọ̀?

Ará Reno kọ̀wé:

Ẹ lè ra á, ẹ sì lè máa gbọ́ ọ láìsí ìwé àṣẹ. Sísọ̀rọ̀ ni ó gba ìwé àṣẹ. Òfin fàyè sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn, mi ò sì gbọ́ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni rí nítorí pé ó ké fún ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ripítà ni kì í ṣí àfi bí ẹ bá tẹ ohùn kékeré kan tí etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tó fi 600 kHz yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń gbọ́. Ẹni tí kò tíì ṣe é rí kò lè ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ka ìwé náà, èmi yóò máa bi yín ní ìbéèrè lórí fóònù ní alaalẹ́ bí ẹ bá fẹ́. Bí ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ, a ó so APRS, ìyẹn ètò tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà ránṣẹ́ lórí rédíò, mọ́ ọn lórí 144.390 MHz, kí ọkọ yín lè máa rí ibi tí ẹ dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbikíbi tí ripítà rẹ̀ bá ti gbọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Jíjìn kọ̀wé:

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀ ni n ó tún gbéra. N ó kúrò ní Fallon ní aago mẹ́wàá àárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́, n ó pè láti Austin kí aago kan tó lù. Nọ́mbà ṣẹ́rífù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lára fìríìjì wa, ọkọ mi sì ti pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lónìí láti rí i dájú pé wọ́n ń dáhùn.