Ọ̀nà wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹkọ́lọ́jì lè gbà dé inú iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹranko àti igbó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ìmọ̀ ẹkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń gbé pọ̀ nínú àyíká wọn, ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì ti wà ní ọdún kẹta. Iṣẹ́ ìdáàbòbò àwọn ẹranko tí wọ́n ń run lọ ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe, pàápàá àwọn ẹranko ajẹran ńlá bí ẹkùn àti kìnnìún, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sún mọ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi ni ọ̀nà náà ń ṣókùnkùn sí mi. Gbogbo ìpolówó iṣẹ́ tí mo kà ló ń béèrè ìrírí. Àwọn kan ní kí n máa wọ igbó lọ lemọ́lemọ́, àwọn mìíràn sì ní orí kọ̀ǹpútà ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà báyìí. Kí ni kí n gbájú mọ́ ní ìwọ̀nba àkókò tó kù fún mi?

Olùka Ẹranko:

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ àwọn igún ilẹ̀ Íńdíà ni n óò fi dá ọ lóhùn, nítorí pé ó fi bí iṣẹ́ yìí ṣe rí gan-an hàn. Láti nǹkan bí ọdún 1990 lọ sókè, àwọn igún tí wọ́n ti pọ̀ lọ rẹpẹtẹ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, títí tí iye mẹ́ta nínú ẹ̀yà wọn fi dín kù ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tí wọ́n ti ka ẹyẹ náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì tún padà lọ kà á, ni wọ́n kọ́kọ́ kígbe síta. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣègùn ẹranko la òkú igún, tí wọ́n sì rí i pé kíndìnrín wọn ló bàjẹ́. Ní ọdún 2004, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Pakistan fi hàn pé diclofenac, oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń pa igún tó bá jẹ òkú màlúù náà. Íńdíà fòfin de lílo oògùn yìí fún ẹran ọ̀sìn ní ọdún 2006, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti dán oògùn mìíràn tó ń jẹ́ meloxicam wò, tí wọ́n sì rí i pé kò ṣe igún ní jàǹbá.

Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ní gbogbo ìmọ̀ tí iṣẹ́ yẹn gbà, ṣùgbọ́n orí kíkà tó ṣeé gbára lé ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ka ẹranko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ojú lásán ni, bẹ́ẹ̀ ẹranko lè wà níbẹ̀ kí a má rí i, nítorí òjò tàbí nítorí pé igbó dí, ẹni tí kò bá sì mọ bí a ṣe ń ṣírò iye ìgbà tí ojú lè fo ẹranko yóò sọ pé ẹkùn ti tán níbi tí ẹkùn ṣì wà. Kọ́ statistics, ìyẹn ìmọ̀ ìṣirò dátà, dáadáa, kí o sì kọ́ ètò kọ̀ǹpútà méjì: R fún ìṣirò àti QGIS fún àwòrán ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Igbó náà ní ìmọ̀ tirẹ̀, inú ohun kékeré sì ni a ti ń mọ ẹni tó kọ́ ọ. Mú kámẹ́rà tó ń ya ẹranko fúnra rẹ̀ bí àpẹẹrẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò so ó mọ́ igi ní nǹkan bíi gíga orúnkún, kò ní jẹ́ kó dojú kọ ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, nítorí ìtànṣán lè ba àwòrán jẹ́. Yóò gé koríko iwájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn yóò máa mi koríko náà, káàdì kámẹ́rà yóò sì kún fún àwòrán koríko. Yóò yẹ ọjọ́ àti aago inú rẹ̀ wò, yóò rá kọjá níwájú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, yóò sì kọ nọ́ńbà kámẹ́rà àti ibi tí GPS tọ́ka sí sínú ìwé kí ó tó kúrò níbẹ̀. Bí ọjọ́ inú kámẹ́rà kò bá tọ̀nà, iṣẹ́ odindi àsìkò kan lè di asán.

Alábàágbé Igbó:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi apá kan kún un, nítorí pé ẹranko ajẹran ńlá ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí dárúkọ. Ẹni tí kìnnìún pa màlúù rẹ̀ lóru àná ni yóò pinnu bóyá kìnnìún náà yóò yè. Bí ẹ kò bá mọ bí a ṣe ń jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹ fetí sí i láìjà á níyàn, kí ẹ sì jọ wá bí ọgbà ẹran yóò ṣe lágbára sí i lálẹ́, iye kìnnìún tí ẹ kà kò ní dáàbò bo ọ̀kankan.

Ẹ wo Wangari Maathai. Onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1971, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn obìnrin abúlé Kenya ló ti gbọ́ pé igi ìdáná àti omi ti di ọ̀wọ́n. Èyí ló bí ẹgbẹ́ Green Belt Movement ní ọdún 1977, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gba owó díẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbìn tó sì yè. Ó wù mí gan-an pé igi tó yè ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 2004. Bí yunifásítì yín bá ní ẹ̀kọ́ kankan nípa àwùjọ tàbí òfin àyíká, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ó ku ohun méjì tó ń dà mí láàmú. Àwọn ibi tí mo ti lè kọ́ iṣẹ́ nínú igbó ń gba owó ńlá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, èmi kò sì ní in. Èkejì ni pé mo gbọ́ pé ẹni tí kò bá gba oyè kejì (master's) kò lè rí iṣẹ́ gidi.

Olùdarí Ìwádìí:

Má san owó tí o kò ní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ wà fún arìnrìn-àjò afẹ́, agbanisíṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ kò sì ní fi wọ́n ṣe ìwọ̀n rẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó wà ní ẹ̀ka rẹ nílò ẹni tí yóò bá wọn to àwòrán kámẹ́rà tàbí tí yóò tẹ̀lé wọn lọ ka ẹyẹ. Lọ bá wọn.

Ní ti oyè kejì, ó pọn dandan fún ẹni tó bá fẹ́ máa darí ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà ẹranko, tó ń ṣètò àwòrán ilẹ̀, tàbí tó ń kọ́ ará ìlú, lè bẹ̀rẹ̀ láìní in. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná, kí o lè mọ ìbéèrè tí o fẹ́ lọ fi oyè náà dáhùn.

Nípa iṣẹ́ àṣekágbá rẹ, n kò ní gbà ọ́ níyànjú láti yan ẹkùn. Wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì máa ń sá fún ènìyàn, ọdún kan kò tó láti rí iye tó ṣeé ṣírò. Ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀yà wọn àti ti àwọn ìbátan wọn ló wà nínú ewu ìparun gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ IUCN, àjọ àgbáyé fún ìdáàbòbò ohun ẹlẹ́mìí, ṣe sọ, àwọn tó ń wá iṣẹ́ nípa wọn kò sì pọ̀ tó àwọn tó ń wá iṣẹ́ kìnnìún. Ìṣirò tí o bá kọ́ lára wọn ni wàá lò fún ẹkùn lọ́jọ́ iwájú. Bí owó láti lọ sí igbó kò bá sí rárá, dátà tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GBIF, ìkànnì tó ń kó àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí ohun ẹlẹ́mìí jọ, tàbí ti ẹyẹ lórí ìkànnì eBird, pọ̀ tó láti fi dáhùn ìbéèrè gidi kan, bí o bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún àṣìṣe. Kọ ìbéèrè náà sínú gbólóhùn kan, kọ ohun tí wàá kà àti bí wàá ṣe kà á sí abẹ́ rẹ̀, kí o sì mú un tọ olùkọ́ rẹ lọ kí ọdún kẹta yìí tó parí.