Ṣé China 30C lè dènà ibà fún ẹni tó ń ti London bọ̀ wálé?

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àgbàlagbà méjì àti ìbejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a bí sí London ń lọ sí Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Kérésìmesì. Oníṣègùn homeopathy kan ní ká má wulẹ̀ ra oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà, pé China 30C, hóró ṣúgà kan tí àwọn onísègùn homeopathy ń lò, tó. Ó ní èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe kuiníìnì ni wọ́n fi ṣe é, pé kò sì ní da inú ọmọdé rú. Owó Malarone, oògùn tó ń dènà ibà, fún ẹni mẹ́rin kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí oògùn, ṣé òótọ́ ni? Àbí irú àgbo tiwa náà ni?

Apoògùn_Mọ́kọ́lá
Màmá ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọn ọmọ dán an wò. Òótọ́ ni pé ara igi cinchona ni China ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pò ó. Wọ́n á rẹ èèpo náà sínú ọtí líle. Wọ́n á mú ẹ̀kán 1 nínú rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀kán 99 omi òun ọtí, wọ́n á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. 1C nìyẹn. Ẹ̀kán 1 nínú 1C yẹn tún bọ́ sínú ẹ̀kán 99 mìíràn, ó di 2C. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ìgbà ọgbọ̀n, kí wọ́n tó kán an sórí hóró ṣúgà.

Oògùn ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́ kó tó dé 30C. Ká ní gíráàmù 324 ojúlówó kuiníìnì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mólékù (ẹyọ tó kéré jù lọ nínú oògùn) tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 6 tí òdo 23 tẹ̀ lé. Nígbà tó bá di 12C, wọ́n ti pín in sí ọ̀nà 1 tí òdo 24 tẹ̀ lé, kò lè kan ìpín kọ̀ọ̀kan ní mólékù kan. Ìgbà méjìdínlógún tó kù, omi ni wọ́n ń fi po omi. Bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tí wọ́n bá ń fi kuiníìnì tọ́jú ibà ń gbé mílígíráàmù 600 mì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ méje.

Kì í ṣe irú àgbo o. Nǹkan ń bẹ nínú àgbo. Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, torí kò sẹ́ni tó wọn iye tó wà nínú ife kan. Inú ewé Artemisia ni artemisinin tí a fi ń wo ibà lónìí ti jáde, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Tu Youyou, onímọ̀ ará Ṣáínà, ní 2015. Wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n.

Àárẹ̀_Homeo
Ẹ má kàn bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo rẹ̀. Samuel Hahnemann, dókítà ará Jámánì, jẹ èèpo cinchona yìí ní 1790 nígbà tí ara rẹ̀ le, àmì ibà sì yọ sí i lára. Ibẹ̀ ni ìlànà pé ohun tó ń fa àmì àìsàn ló ń wo irú rẹ̀ ti wá. Nígbà onígbáméjì ní London ní 1854, àwọn tó kú ní ilé ìwòsàn homeopathy kéré sí tàwọn ilé ìwòsàn mìíràn. NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Olóǹkà
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ 1854 yẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kí làwọn yòókù ń ṣe fún aláìsàn nígbà yẹn? Wọ́n ń tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára ẹni tí omi ara rẹ̀ ti ń gbẹ, wọ́n sì ń fún un ní calomel, tó jẹ́ mẹ́kúrì. Ẹni tí wọ́n fi hóró ṣúgà sílẹ̀ fún kò rí ìpalára yẹn. Ní ti Hahnemann, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lo kuiníìnì, etí hího àti orí fífọ́ ni wọ́n ń rí, kì í ṣe ibà.

Ní 2005, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àyẹ̀wò kan jáde tó fi ìdánwò homeopathy 110 wé ìdánwò oògùn òyìnbó 110. Nígbà tí wọ́n ṣa èyí tó tóbi tó sì mọ́yán lórí nìkan, agbára homeopathy fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti hóró tí kò ní oògùn nínú. Ti oògùn òyìnbó dúró. NHMRC, àjọ ìwádìí ìlera ti Australia, yẹ ìwádìí 176 wò lórí àìsàn 61, wọ́n sì sọ ní 2015 pé kò sí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé lórí ìkankan. NHS ti England ní kí àwọn dókítà ṣíwọ́ kíkọ ọ́ ní 2017. Ìjọba ilẹ̀ Faransé kò dá owó rẹ̀ padà fún aláìsàn mọ́ láti 2021.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni "mo lò ó, ibà ò ṣe mí." Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ní kòkòrò ibà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lo nǹkan kan náà ń dé láyọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀pọ̀ ènìyàn wé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wákàtí kan tí oníṣègùn homeopathy fi ń gbọ́ tẹnu aláìsàn lè tu ẹni tí kò rí oorun sùn lára, mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ wákàtí náà kò lè pa kòkòrò ibà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìrìnàjò
Màmá, ẹ má béèrè Malarone, orúkọ ọjà ni. Ẹ béèrè atovaquone-proguanil, ó máa ń dínwó. Àgbàlagbà ń lo hóró 1 (mílígíráàmù 250/100) lójúmọ́: ọjọ́ méjì ṣáájú, gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lò níbẹ̀, àti ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, hóró 30 nìyẹn fún ẹnì kan. Ti ọmọdé ni 62.5/25, ìwọ̀n ara ló ń pinnu iye rẹ̀: kílò 21 sí 30, hóró 2, kílò 31 sí 40, hóró 3. Ẹ wọn àwọn ìbejì kí ẹ tó lọ rà á. Ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tàbí mílíìkì, ní àkókò kan náà lójúmọ́. Inú òfìfo kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Ẹni tó bá bì láàárín wákàtí kan, kó tún un lò. Ọjọ́ méje ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò.

Oògùn mìíràn ni doxycycline, owó rẹ̀ ló kéré jù, àmọ́ kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé 12 tàbí aláboyún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì ni wọ́n ń lò ó lẹ́yìn ìrìn àjò. Chloroquine àti Daraprim tí àwọn ará ilé lè fún yín, ẹ má lò wọ́n. Kòkòrò ibà Nàìjíríà ti borí wọn.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwa àgbà ńkọ́, tí a dàgbà sí Abẹ́òkúta? Ṣé ara wa kò tíì mọ̀ ọ́n?

Nọ́ọ̀sì_Ìrìnàjò
Ààbò yẹn máa ń rọ̀ bí ènìyàn bá pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, kò sì sí lára àwọn ìbejì rárá. Ẹ jọ lò ó. Ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi DEET 50%, ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, pa ara láti ìrọ̀lẹ́. Tí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ bá padà, pàápàá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti dé.