Ẹ̀yin tí ẹ ń fọn sax, tí ẹ ń kọ́ni, tí ẹ tún ń jókòó ti mixer: ẹ wá sọ tiyín

ỌmọAlágbẹ̀dẹ_Ìbàdàn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí HND Music Technology ní Poly Ìbàdàn. Sax alto ló ń fọn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kan ládùúgbò, ó ń bá báǹdì jáde lópin ọ̀sẹ̀, tó bá di alẹ́ á tún máa mix orin fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lórí laptop. Bàbá wa ní kó mú ọ̀kan, kó fi méjì tó kù sílẹ̀, pé ẹni tó bá lé èkúté méjì á pòfo, áńbọ̀sì mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, kí lojú yín ti rí? Ẹ má wulẹ̀ bá mi pọ́n ọn lé o.

BàbáTenor
Àbúrò, bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n fara balẹ̀. Èmi, láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ilé ìwé ni mo wà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní dò-rè-mí. Ọjọ́ Ẹtì, rìháàsà. Àbámẹ́ta, òde. Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí èyí tó lè dá ilé gbé ró nínú wọn. Owó ilé ìwé ló ń san owó ilé, tòde ló ń wọ ìkòkò ọbẹ̀, ti sáùǹdì ni mo fi ra ọkọ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí sáùǹdì gan-an rèé. Òde ìsìnkú kan ni, l'Abẹ́òkúta. Onísáùǹdì gbé máìkì tí wọ́n fi ń kọrin, ó kì í bọ ẹnu sax mi wọ̀ọ̀. Mo fọn B-flat ìsàlẹ̀ pátápátá báyìí, àwọn àgbà tó jókòó níwájú di etí mú. Mo gun òkè, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣẹ́jú sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọn ọ́n dáadáa." Èmi! Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, mo lọ bá a nídìí mixer. Mo ní gbọ́ mi, ohùn sax kì í gba ẹnu yẹn nìkan jáde. Gbogbo ihò tó bá ṣí lára ẹ̀ ló ń gbà jáde, ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ń rìn dé ẹnu. A fa máìkì sẹ́yìn, a kọjú ẹ̀ sí agbedeméjì ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí mi. Mo ní kó dín gain kù, ìyẹn agbára tí mixer fi ń gba ohùn máìkì wọlé, kó gé díẹ̀ níbi 3kHz, apá ohùn tó mú, torí ibẹ̀ ló ti ń gún wọn létí. Bí a ṣe tún gbé e, àwọn ọmọ olóòkú dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Ọ̀gá báǹdì ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló pè mí: "Ṣé o lè máa bá wa ṣe sáùǹdì, kí n wá ẹlòmíì tí á máa fọn?" Mo ní rárá, èmi ni n óò ṣe méjèèjì, owó méjì. Ó sì san án.

Kòríkòsùn
Owó méjì kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè fi nọ́ńbà báǹdì yẹn ránṣẹ́.

Jagun_Onísáùǹdì
Ẹ̀yin onísax, ẹ má bínú o, ẹ máa ń dá ara yín láre jù. Màá bá yín to máìkì síbi tó yẹ, tí alága ìjókòó bá ti lọgun báyìí, ẹ ti yíjú padà, ẹ ti ń jó tọ ìyá ìyàwó lọ, máìkì mi dúró lóun nìkan. Ṣé kí n máa gbé e sáré tẹ̀lé yín ni?

Ọ̀kan tún mú máìkì kékeré wá, èyí tí wọ́n ń há mọ́ ẹnu sax. Ó ti ń pariwo láti ìdí kánópì pé mo ti bá òun ba máìkì jẹ́. Condenser ni, irú máìkì tí kì í ṣiṣẹ́ láì jẹ iná; phantom power ló ń jẹ, iná 48 volts tí mixer ń fi ránṣẹ́ gba wáyà máìkì. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ lórí mixer, máìkì jí. Àmọ́ ó ti bú mi tán lójú àwọn oníǹkan.

BàbáTenor
@Jagun ibi tí owó bá wà lẹsẹ̀ ń gbé wa lọ, àbúrò, kì í ṣe ẹjọ́ wa 😂

Jagun_Onísáùǹdì
Ẹ ra wireless nígbà náà.

ÌyáAlto
Ẹ jẹ́ kóbìnrin náà sọ tiẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá gbé àpótí sax wọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Àǹtí, bọ̀ọ̀dá tó fẹ́ fọn ọ́n dà?" Mi ò kì í dáhùn mọ́. Màá ṣí àpótí, màá fi reed, pákó pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n kí sax tó dún, sẹ́nu kó rẹ, wọ́n á dákẹ́ fúnra wọn.

Ní ti kíkọ́ni, ọmọ ò ní wàhálà, ìyá ọmọ ni. Lẹ́sìn kejì ni wọ́n ti ń bèèrè ìgbà tó máa fọn orin ọjọ́ ìbí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ò tíì lè di nóòtì kan ṣoṣo mú kó má gbọ̀n. Nóòtì gígùn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, nóòtì gígùn náà ni mo fi ń parí, kò sí ọ̀nà àbùjá. Màmá kan gbé sax padà wá bá mi tìbínú-tìbínú, ó ní èyí tí mo ní káwọn rà ti bàjẹ́. Mo wo ẹnu ẹ̀: reed ti sán létí, ọmọ sì dè é yọ síwájú ju ẹnu mouthpiece, ibi tí à ń fi sẹ́nu fọn, lọ. Mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i, etí sí etí, mo fún skúrù méjèèjì, mo fọn ọ́n. Wọ́n ní ṣé mo pidán ni.

Òfin kan tún wà níbi tèmi: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mouthpiece ẹlòmíì sẹ́nu. Ọmọ kan ló mú ọ̀fìnkìn wá, kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń sín.

Kòríkòsùn
Àwọn tó ń bèèrè orin ọjọ́ ìbí yẹn náà ni kì í san owó oṣù kejì.

ÌyáAlto
Ta ló sọ̀rọ̀ mi fún ẹ?

Akọrin_Ìkòròdú
Ẹ ò tíì fẹnu ba ti ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ ní kíì E-flat; sax alto kì í pe kíì bíi ti kíbọ́ọ̀dù, tèmi wà ní C tó rọrùn, ara tù mí. Pásítọ̀ ní ẹ jẹ́ ká gbé Jésù ga sí i. Oníkíbọ́ọ̀dù tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé kíì sókè fún un, lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí E, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Sax tèmi ò ní bọ́tìnnì yẹn o! C-sharp ló kù sí mi lọ́wọ́, sharp méje gbáko. Mo rọra gbé sax sí àyà, mo ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ìjọ.

Ìyẹn ò dùn mí tó ti owó. A dé kí ilẹ̀ tó mọ́, a to sípíkà, a ṣe ìsìn méjì, a tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ohun tí wọ́n fún wa ni: "Ọlọ́run á san án fún yín." Mo ti wọkọ̀ lọ, mo tún fẹ́ wọkọ̀ bọ̀.

Alákẹ́jì
Ọlọ́run ò sọ pé òun ò lè fi trànsífà san án 😭

Tèmitọ́pẹ́_22
Ẹ fọwọ́ kan ọgbẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní kí n wá fọn níbi ìdúpẹ́ ọdọọdún, wọ́n kọ orúkọ mi sí pátákó gàgàrà lẹ́bàá títì. Wọ́n san owó pátákó.

Arákùnrin_Sámúẹ́lì
Èmi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ẹ ò gbọdọ̀ díye lé e. Àwọn ọmọ Léfì ò gbowó.

BàbáTenor
Arákùnrin, ẹ padà lọ ka ìwé Númérì orí 18 nínú Bíbélì. Ìdámẹ́wàá gbogbo Ísírẹ́lì ni wọ́n fún wọn.

Arákùnrin_Sámúẹ́lì
Ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọ Léfì.

Alákẹ́jì
Ọmọ ta ni wọ́n wá, ọmọ NẸ́PÀ?

Bọ̀dé_Peckham
Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ṣọ́ọ̀ṣì wa ń fún wa lówó ọkọ̀. Àmọ́ ẹ ò lè fọn sax nílé lálẹ́ o, aládùúgbò á pe kánsù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, láàárín agbádá àti kóòtù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, aṣọ máa ń gba ariwo mu, kì í jẹ́ kí ohùn ta padà lára ògiri.

Jagun_Onísáùǹdì
Òótọ́ ni. Èmi mátíràsì ni mo fi ń dí ògiri. Tiwa níbí, jẹnẹrétọ̀ ni ìṣòro. Ẹ gba ohùn tó dùn, tẹ́ ẹ bá fi headphone gbọ́ ọ, hùùùù ni lábẹ́ ẹ̀.

Adéjọbí_Sax
Ká padà sórí ọ̀rọ̀ Bàbá. Ẹ ní kí Bàbá wo olóògbé Peter King. Ó kàwé orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fọn sax kárí ayé, ó padà wálé wá dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ lọ́nà Badagry. Aṣa, olórin tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, kọjá níbẹ̀. Ṣé ẹni yẹn pòfo?

Kòríkòsùn
Fela náà, sax ló lọ kọ́ ní Trinity yẹn.

Adéjọbí_Sax
Irọ́ ńlá. Trumpet ni. Igo Chico ló ń fọn tenor fún un. Nígbà tí Igo Chico fi báǹdì sílẹ̀ ní 1973 ni Fela tó lọ gbé tenor kọ́ra, tó sì ń fi í jáde.

Kòríkòsùn
Ìyẹn ni pé ìbínú ló fi kọ́ ọ? Mo gbà.

Tèmitọ́pẹ́_22
Fẹ́mi ọmọ ẹ̀ ńkọ́, tó di nóòtì kan mú fún ohun tó lé ní 50 ìṣẹ́jú ní Shrine, gbọ̀ngàn orin wọn ní Ìkẹjà, lọ́dún 2017.

Alákẹ́jì
50 ìṣẹ́jú láì mí? Ẹ yé é tàn wá.

ÌyáAlto
Ó ń mí. Èémí yípo ni. Kí afẹ́fẹ́ àyà tó tán, wàá ti kó díẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ṣe ń tì í jáde, imú á máa fa òmíràn wọlé. Bu omi sínú ife, ki straw bọ̀ ọ́, máa fẹ́ ẹ kó máa hó, má jẹ́ kí híhó yẹn dáwọ́ dúró nígbà tó o bá ń fi imú mí. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn tó ti dàgbà nínú àwọn ọmọ mi nìyẹn.

Alákẹ́jì
Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Omi ti dà sí mi láyà, ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ ń wò mí.

Akọrin_Ìkòròdú
Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí nígbà tí mò ń fọn, ṣé tèmi ni àbí ti báǹdì? Ọ̀gá mi ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan náà.

BàbáTenor
Ti báǹdì ni, ká pín in. Onílù ò lè fi ìlù sílẹ̀ tọ olówó lọ bíi tiwa, ìyẹn ò sì ní kó má jẹun.

Kòríkòsùn
Orí ta ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ẹni tó ni orí ló ni owó.

Jagun_Onísáùǹdì
Onísáùǹdì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi rí.

Arákùnrin_Sámúẹ́lì
Òfin CBN, báńkì àpapọ̀, ti 2007 ka nínáwó lójú agbo léèwọ̀. Ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì.

Alákẹ́jì
Arákùnrin, ọ̀dọ̀ ta lẹ wà gan-an?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ_Ìbàdàn
Mo ka gbogbo ẹ̀ sí Bàbá létí. Wọ́n ní kí n tún ti Peter King kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa. Àbúrò ẹ, ilé ẹ̀kọ́ tiẹ̀ dà?"

ÌyáAlto
Kó wá bá mi dá èyí tí mo ní dúró, àwọn ọmọ ti pọ̀ jù fún mi. Mi ò fi ṣeré o, fi nọ́ńbà ẹ̀ ṣọwọ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

BàbáTenor
Ẹni tó bá ní reed tenor tí líle ẹ̀ jẹ́ 2½ nítòsí Mókọ́lá, ẹ dákun. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù sí mi ti sán, òde wà lọ́la.

Kòríkòsùn
Ẹ fi owó méjì yẹn rà á.