Kí ló dé tí iná ìbọn àwọn ará Jàpáànù kì í fi í hàn nínú ogun Bọ́mà?

Ìbéèrè (Ẹ̀pẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá bàbá mi, tó ti Ẹ̀pẹ́ lọ jagun Hitler ní Bọ́mà, máa ń sọ pé ohun tó dẹ́rù bà wọ́n jù ni pé ọta á ti balẹ̀ láàárín wọn, síbẹ̀ wọn kò ní rí iná tàbí èéfín ibi tó ti wá. Ṣé ọgbọ́n ìbọn ni, àbí igbó ló ń bo àwọn tó ń yìn ín? Mo fẹ́ kọ ìtàn wọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, n kò sì fẹ́ kọ irọ́.

Èsì (Ìkòròdú):
Òótọ́ ni bàbá sọ. Arisaka Type 38, tí Jàpáànù gbà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní 1905, ni ìbọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gbé. Ọta rẹ̀ kéré, mìlímítà 6.5 ni, ẹtù tó ń tì í kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìbọn náà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80, débi pé ẹtù yóò ti jó tán nínú ọ̀pá kí ọta tó yọ lẹ́nu. Lee-Enfield tí wọ́n kó fún àwọn bàbá wa, ọ̀pá tirẹ̀ jẹ́ 64, ẹtù rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Arisaka lọ, nítorí náà iná rẹ̀ máa ń bù yẹ̀rì lẹ́nu. Àǹfààní tiwa ni pé ọta mẹ́wàá ló ń gbà, nígbà tí ti Jàpáànù ń gba márùn-ún.

Èsì (Àgbádárìgì):
Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ fún ìbọn, ẹ jọ̀wọ́. Àwọn ará Jàpáànù máa ń gbẹ́ kòtò, wọn á fi gẹdú àti erùpẹ̀ bò ó, wọn á sì dákẹ́ títí ènìyàn yóò fi súnmọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Ní àfonífojì Kaladan ní 1944, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn alárù sì ń fi orí ru ẹrù náà gba inú igbó. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí wọn, nítorí ẹni tó ru ẹrù kò lè tètè wo òkè. Ǹjẹ́ ẹ mọ àmì tó wà léjìká aṣọ bàbá? Aláǹtakùn ni ti 81. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni ti 82.

Ìdáhùn (Ẹ̀pẹ́):
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yọ ọ́ wò nínú àpótí ìyá wa ni. Aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ pupa rúsúrúsú ni, orí rẹ̀ sì kọjú sí ìsàlẹ̀.