Ìjì Beryl ń bọ̀ wá bá wa ní Mẹ́síkò, Màámi sì wà lọ́wọ́ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Manchester (Ọjọ́rú, 3 July 2024, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́)
Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jọ̀ọ́, orí mi ti dàrú. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tu owó ìrìn àjò yìí jọ. Màámi á pé àádọ́rin ọdún ní ọ̀túnla. Bar Beach ayé àtijọ́ nìkan ni etíkun tí wọ́n dé rí, mo wá ní n óò mú wọn dé ibi tí omi ti mọ́ bíi díńgí. A ti rán aṣọ, mo ti sanwó kéèkì. Ní báyìí, ìjì Beryl nìkan ni gbogbo tẹlifíṣọ̀n ibí ń sọ. Mo pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú wa, wákàtí mẹ́ta ni mo fi gbé fóònù sétí, orin ni wọ́n ń kọ fún mi. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí mo rí fún ọ̀la jẹ́ £900 lórí ẹnì kan, àwa mẹ́rin la wà níbí. Àbúrò ọkọ mi sì ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Cancún la wà. Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni, àbí ká jókòó?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ kú ìdágìrì o. Ọlọ́run ò ní í fi yín ṣòfò.

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Àbúrò mi, láti 1 June títí di 30 November ni àsìkò ìjì lápá ibẹ̀, lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹ ni? Ó dáa, ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Dá mi lóhùn: òtẹ́ẹ̀lì ni àbí ilé? Búlọ́ọ̀kù ni àbí pákó? Òkun jìnnà sí yín tó? O ò sọ ìkankan nínú ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì àti àbúrò ọkọ lo ń sọ.

Akin, Fort Myers
Ìjì Ian ká wa mọ́lé ní 28 September 2022. Atẹ́gùn la gbáradì fún, a kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé. A ò ro ti omi. Òkun wú, ó ya wọ ìgboro. Orí àtẹ̀gùn ni mo wà tí mo ń wo fíríìjì mi tó léfòó ní pálọ̀, tó ń gbá ògiri gbà, gbà, gbà. Títí dòní, bí nǹkan bá gbá ògiri lóru, ẹsẹ̀ mi ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo jí.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè sún ọjọ́ ìbí Màámi síwájú ni? Mo sì ra ìnṣọ́ránsì o! Àwọn yẹn náà ní àwọn ò ní san.

Dìran, London
Ọjọ́ wo lẹ rà á?

Àbẹ̀kẹ́ Manchester
30 June. Ọjọ́ kejì la gbéra.

Dìran, London
Wọ́n ti sọ Beryl lórúkọ láti 28 June. Bí ìjì bá ti lórúkọ kí èèyàn tó ra ìnṣọ́ránsì, ọ̀pọ̀ wọn kì í san nítorí rẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ kẹ́ ẹ ti rà á.

Alhaji Mushin
Àwọn òyìnbó yìí ń pariwo jù. L'Ékòó níbí, òjò á ṣí páànù, a ó sì sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ti fèrèsé yín, kẹ́ ẹ gbàdúrà.

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Alhaji, ẹ dákun, ẹ má fi wé òjò Èkó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló kọlu erékùṣù Carriacou ní Grenada, díẹ̀ ló kù kó má ku ilé kan tí òrùlé rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ ìpele karùn-ún, tí kò sí ìpele tó jù ú. Látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ìjì Atlantic kankan tó tètè dé ibẹ̀ báyìí láàárín ọdún. Jàmáíkà ló ń lù lọ́wọ́.

Alhaji Mushin
Ṣé àdúrà lẹ fẹ́ bá mi jà lé lórí ni?

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Kò sẹ́ni tó bá àdúrà jà. Àbẹ̀kẹ́, mo ṣì ń dúró dè ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester (aago mẹ́wàá alẹ́)
Ẹ má bínú. Cancún ni ọkọ̀ òfurufú já wa sí, ṣùgbọ́n Tulum gan-an la wà. Ilé la háyà. Téèyàn bá ju òkúta láti ẹnu ọ̀nà, inú òkun ló máa bọ́ sí. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí ẹ̀, ó rẹwà púpọ̀. Ṣọ́jà méjì wá lọ́sàn-án, wọ́n fún wa ní bébà kan. Mi ò gbọ́ èdè Sípéènì, mo rò pé wọ́n kàn ń yí àdúgbò po ni. Ọ̀rọ̀ tó tóbi jù nínú ẹ̀ ni "refugio". Màámi sì ní ìtọ̀ ṣúgà, insulin wọn wà ní fíríìjì.

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Àbẹ̀kẹ́! Refugio, ibi ìsádi ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ ni!

Akin, Fort Myers
Imọ̀ ọ̀pẹ, létí òkun? Ẹ wọ mọ́tò, ẹ gbọ̀nà Valladolid. Bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni, òkun ò lè lé yín débẹ̀.

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Akin, ọ̀nà tí wọn ò mọ̀, lóru, pẹ̀lú ìyá àgbà? Ìjì náà lè gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí bébà yẹn kọ ni kí wọ́n lọ.

Akin, Fort Myers
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ò rí ohun tí mo rí. Ṣáà ti kúrò létí omi.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Ẹ jẹ́ ká sọ ti insulin ná. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e kẹ́ ẹ tó kó o sínú kúlà, kó má fara kan yìnyín, torí tó bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí Màámi ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fíríìjì fún ọjọ́ mélòó kan, bí ibẹ̀ bá tutù díẹ̀, tí oòrùn ò sì pa á. Ọwọ́ yín ni kó wà, ẹ má dì í mọ́ ẹrù. Ẹ mú bisikíìtì àti ṣúgà dání, nítorí oúnjẹ lè pẹ́ níbẹ̀, ṣúgà ara wọn á sì já wálẹ̀.

Dìran, London
Ẹ kó pásípọ́ọ̀tù sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gba owó pésò sọ́wọ́: bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń pọ owó ò ní í ṣiṣẹ́. 911 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Àwọ̀ ni ìjọba wọn fi ń kìlọ̀. Bó bá ti di pupa, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yọjú síta mọ́. Bí atẹ́gùn bá dáwọ́ dúró lójijì, ẹ má jáde o. Ojú ìjì lè ló dé yẹn, á tún padà láti òdìkejì.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester
Ilé ẹ̀kọ́ ni ibi ìsádi yẹn. Màámi ní àwọn ò ní í sun orí ilẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí àwọn pé àádọ́rin ọdún. Wọ́n ti wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ò mọ Màámi.

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́ sí mi. Gbé fóònù fún wọn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester (Sátidé, 6 July)
A wà láàyè, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbọ́n bá Màámi sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n Màámi fúnra wọn ló jáde tí wọ́n ní kí n dẹrù. Ilé ẹ̀kọ́ kan nígboro ni wọ́n kó wa sí. Ìdájí Fúráìdè, atẹ́gùn yẹn ń dún bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ́ páànù lórí ọ̀dà. Iná lọ. Insulin ò bàjẹ́. Obìnrin kan tí a ò gbédè ara wa ki àbẹ́là bọ orí búrẹ́dì, Màámi fẹ́ ẹ pa, gbogbo iyàrá pàtẹ́wọ́. Mo lọ wo ilé yẹn lánàá: apá kan òrùlé ti lọ, orí bẹ́ẹ̀dì tí Màámi ń sùn kún fún iyanrìn àti gíláàsì.

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Wọ́n ní ó ti ń yíjú sí Texas báyìí. Mo ń lọ ra omi.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ilé tiyín ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù ni àbí pákó? Omi jìnnà síbẹ̀?

Màmá Kẹ́hìndé, Houston
Pákó ni. Òkun jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n odò kan wà lẹ́yìnkùlé.