Cetyl alcohol nínú ìpara òrí: kí ló ń jẹ́ kó ya omi?

Ará Kàbbà: Òkun o. Ìpara gíráàmù 100, òrí 20, cetyl alcohol 3, omi ló kù. Ó ń ya omi, ó tún ń ṣe hóró. Ṣé ọtí inú cetyl ni?

Ìsánlú: Rárá o. Ọ̀rá líle ni, ó funfun bí àbẹ́là, kì í gbẹ ara. Ó kàn ń mú ìpara ki ni; òun nìkan kò lè so omi mọ́ òrí. Ẹ fi emulsifying wax (ìda tó ń so omi mọ́ ọ̀rá) gíráàmù 5 kún un, kí ẹ dín omi kù.

Mọ́pà: Hóró ńkọ́? Cetyl ń yọ́ ní nǹkan bí 49°C. Omi tútù á mú un dì lójijì. Ẹ gbé omi kaná lọ́tọ̀, òrí àti cetyl àti wax lọ́tọ̀, dé 70°C; ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ẹ máa rò ó títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òrí fúnra rẹ̀ náà máa ń ṣe hóró tó bá pẹ́ kó tó tutù.

Ìsánlú: Ẹ má gbàgbé preservative (èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́). Omi wà níbẹ̀, á bu.